Orin Àánú: Ìtàn Àwọn Akọrin Tí Kò Gba Owó Ọ̀yà, láti Èkó dé Èkìtì

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó ṣòro láti rí ìlú tí ó ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé tí kò ní ẹgbẹ́ akọrin. Àgbẹ̀ ni òmíràn nínú wọn, olùkọ́ ni òmíràn. Aránṣọ, akọ̀wé, oníṣòwò àti ọmọ ilé-ìwé ni àwọn yòókù. Wọn kì í fi orin wá oúnjẹ òòjọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí olúkúlùkù ti gbé ọkọ́, abẹ́rẹ́ tàbí gègé sílẹ̀, wọn a péjọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn, wọn a sì kọ́ orin títí ohùn wọn yóò fi ṣe déédéé. Owó tí orin náà bá mú wá kì í wọ àpò wọn. A máa ń fi í kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, a máa ń fi í ra dùùrù, a máa ń fi í kọ́ ilé ẹ̀kọ́, a sì máa ń fi í ran aláìní lọ́wọ́.

Bí a bá ń pìtàn orin, àwọn tí ó fi orin ṣe iṣẹ́ ni a sábà máa ń dárúkọ. Bí a bá sì ń pìtàn ìjọ, bíṣọ́ọ̀bù àti àlùfáà ni ọ̀rọ̀ máa ń dá lé. Àwọn akọrin tí kò gba owó ọ̀yà a wá bọ́ sí àárín méjì. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn yóò rí ohun mẹ́ta. Èkíní ni pé inú orin àánú ni ọ̀nà kan pàtàkì eré orí-ìtàgé Yorùbá ti yọ. Èkejì ni pé níbẹ̀ ni a ti jà fún ẹ̀tọ́ èdè Yorùbá láti ní ohùn orin tí ó bá a mu. Ẹ̀kẹta ni pé Èkìtì, tí ẹ̀kọ́ ilé-ìwé pẹ́ kí ó tó dé, ti ní èsì kan nílé fún ìbéèrè tí ó da àwọn ọ̀gá orin láàmú ní Èkó. Lórí ohun mẹ́ta yìí ni àròkọ yìí dúró.

OHÙN ṢÁÁJÚ OWÓ

Òyìnbó kọ́ ni ó kọ́ Yorùbá láti péjọ kọrin. Lóko àáró àti ọ̀wẹ̀, orin ni ó ń mú ọkọ́ yá lọ́wọ́. Níbi ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ọdún ìlú, ẹnìkan ni yóò lé orin, agbo ni yóò sì gbè é. Ní Èkìtì, àwọn obìnrin ní alámọ̀, ewì alohùn tí a fi ń ṣe ayẹyẹ ẹni àti ìdílé. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sun kì í ṣe aláìníyì láàrin ìlú. Ẹni tí orin bá wọ̀ lára lè na akọrin lówó, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni irú owó bẹ́ẹ̀, akọrin ni ó sì ni ín.

Ohun tuntun tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ mú wá ni pé orin lè gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nítorí ohun tí kò sí níwájú wọn: ilé tí a kò tí ì kọ́, ọmọ tí a kò tí ì bí tí yóò kàwé nínú rẹ̀, aláìsàn tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá dáwó fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti gba àwọn akọrin gbọ́ kí ó tó gba orin wọn gbọ́. Nítorí náà ni akápò àti akọ̀wé fi ṣe pàtàkì nínú ẹgbẹ́ bí ọ̀gá orin ti ṣe pàtàkì. A ń ka owó níṣojú àwùjọ, a ń kéde iye rẹ̀, a sì ń sọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Bí orin bá dùn tí ìṣirò owó kò bá gún, ìlú kì í dá a lẹ́ẹ̀kejì. Orin àánú jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé kí ó tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ohùn.

ÈKÓ ÀTI ORIN ÀJÈJÌ

Ní 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ Èkó di ilẹ̀ tirẹ̀. Nígbà náà, àwọn Ṣàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí a sì tọ́ dàgbà ní Freetown, ti ń padà sí ilẹ̀ baba wọn. Wọ́n mú ìwé, aṣọ, ìsìn àti orin wá pẹ̀lú wọn. C.M.S. Grammar School, tí a dá sílẹ̀ ní 1859 lábẹ́ Àlùfáà T. B. Macaulay, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ti ń péjọ gbọ́ orin. Láàrin ọdún 1870 sí 1900, eré orin gbilẹ̀ ní Èkó. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù ni Robert Coker, tí a fi orúkọ Mozart, olórin ńlá ọmọ Austria, pè. Nígbà tí a ṣí Gbọ̀ngàn Glover ní 1887, Èkó ní ibi kan tí ó yẹ fún irú àpèjọ bẹ́ẹ̀, gbọ̀ngàn náà yóò sì tún fara hàn nínú ìtàn yìí níwájú.

Orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ọ̀gá orin Yúróòpù bí Handel ni ó kún ẹnu wọn. Kò sí ohun tí ó burú nínú mímọ orin ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú owó àánú wò ó, ìṣòro kan wà. Àwọn tí ó gbọ́ èdè tí a fi ń kọrin kò pọ̀. Ìyá aláró, olówò epo àti apẹja etí òkun kò ní ohun tí wọn yóò bá lọ sí gbọ̀ngàn. Agbo àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó ń kọrin fún ara rẹ̀, tí ó sì ń tọrọ owó lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé fún gbogbo ìlú ní láti kọrin tí gbogbo ìlú gbọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ mú ìyípadà yá. Ní 1888 ni àwọn onítẹ̀bọmi kan ya kúrò lábẹ́ àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó. Ní 1891 ni a dá ìjọ United Native African Church sílẹ̀. Ní 1901 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde kúrò ní St. Paul's Breadfruit lẹ́yìn aáwọ̀ tí ó kan Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, wọ́n sì dá African Church Bethel sílẹ̀. Ìjọ tuntun kò ní ilé, kò sì ní owó òkèèrè. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ní láti tún ìwà ara wọn ṣe. Ẹni tí ó ti sọ pé ìjọ Áfíríkà ni òun, kò sì ní rọrùn fún un láti máa fi orin Gẹ̀ẹ́sì nìkan tọrọ owó. Bí ọ̀rọ̀ òmìnira ti ń gbilẹ̀ ni orin ìbílẹ̀ ń wọlé.

Ní Abẹ́òkúta, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí a bí ní 1855, tí ó sì kú ní 1930, fi ohùn tí ó bá etí ará ilé mu kọ orin ìyìn. A kì í ṣe aláṣejù bí a bá sọ pé orin ni ó fi ń wàásù. Ní 1922, nígbà tí ó wà ní London, ó kọ orin tí ó lé ní 40 sínú àwo Zonophone. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n orin, kì í sì í ṣe oníṣòwò orin. Àlùfáà ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rìn dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé.

ÀPẸẸRẸ LÁTI ÒKÈ ÒKUN

Àwọn ènìyàn mìíràn ti kọ́kọ́ kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí a dá àwọn ẹrú sílẹ̀ níbẹ̀, a ṣí ilé ẹ̀kọ́ Fisk fún wọn ní Nashville ní 1866. Kò pẹ́ tí gbèsè fi bò ó mọ́lẹ̀. Ní 6 October 1871, George White, akápò ilé ẹ̀kọ́ náà, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ jáde láti lọ fi orin wá owó. Ẹrú tàbí ọmọ ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orin tí àwọn òyìnbó ń kọ ni wọ́n ń kọ fún àwọn òyìnbó, owó tí ń wọlé kò sì tó ohun tí wọn yóò fi jẹun. Orin tí àwọn òbí wọn kọ nínú oko ẹrú wà ní ìkọ̀kọ̀ láàrin ara wọn. Wọ́n kà á sí ohun mímọ́, ojú sì ń tì wọ́n láti gbé e jáde. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde tán, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 1873 wọ́n kọrin níwájú Ọbabìnrin Victoria. Ní 1876 ni a sì parí Jubilee Hall, ilé ńlá tí owó orin wọn kọ́, tí ó ṣì dúró títí di òní.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí hàn kedere. Orin tí a yá wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, olóhun sì mọ̀ ọ́n kọ jù wá lọ. Orin tí a jogún ni kò sí ẹlòmíràn tí ó lè bá wa kọ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ayé fún òun ní nǹkan, kí ó kọ́kọ́ fún ayé ní ohun tí ayé kò ní.

IGBÁ, IGBA ÀTI ÌGBÀ

Kì í ṣe kíkọ orin ní Yorùbá nìkan ni ó yanjú ọ̀rọ̀. Bíbélì Yorùbá parí ní 1884, a sì ti túmọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ìjọ. Ṣùgbọ́n ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá náà. Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé igbá kì í ṣe igba, igba kì í ṣe ìgbà. Ọkọ́ ni àgbẹ̀ ń gbé, ọkọ ni ìyàwó ń pè, ọkọ̀ ni a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ ni jagunjagun ń jù. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti di òmíràn, tàbí kí ó má tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Ìjọ lè fi gbogbo ọkàn kọrin kí ó má sì mọ ohun tí ó ń wí. Ẹni tí ó dúró lẹ́yìn òde yóò gbọ́ ariwo dídùn, kò ní gbọ́ ìtumọ̀.

T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips ni ó fi gbogbo ayé rẹ̀ wọ̀yá ìjà pẹ̀lú ìṣòro yìí. A bí i ní 1884. Ó lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music ní London, ó padà dé ní 1914, ó sì di atẹ-dùùrù àti ọ̀gá akọrin ní Christ Church ní Marina, Èkó, tí ó di Kàtídírà. Ó wà nídìí iṣẹ́ náà títí di 1962. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bíi Fẹlá Ṣówándé àti Ayọ̀ Bánkọ́lé ti kọ́ orin, tí àwọn náà sì di olórin tí ayé mọ̀. Nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá, tí ó jáde ní 1953, ó fi yé àwọn ènìyàn pé orin tí a bá fẹ́ fi Yorùbá kọ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìró ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá. Kí ọ̀rọ̀ ṣáájú, kí orin tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ìdènà méjì wà ní ọ̀nà. Ìdènà kìíní ni ẹsẹ orin. Orin ìjọ àwọn òyìnbó ní ẹsẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ohùn kan náà ni a sì ń fi kọ gbogbo wọn. Bí a bá tilẹ̀ rí ohùn tí ó bá ẹsẹ kìíní mu, kò ní bá ẹsẹ kejì mu, nítorí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀. Ìdènà kejì ni ohùn mẹ́rin tí akọrin ìjọ fi ń kọrin pọ̀. Nínú ètò àwọn òyìnbó, ọ̀nà tí ohùn ìsàlẹ̀ ń gbà kì í sábà jẹ́ ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ti òkè. Bí ti òkè bá ń gòkè, ti ìsàlẹ̀ lè máa sọ̀kalẹ̀, èyí sì jẹ́ ẹwà lójú wọn. Bí a bá wá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i, àwọn obìnrin lè máa pe ọkọ́, kí àwọn ọkùnrin tí ó wà ní ìsàlẹ̀ máa pe ọkọ̀, nínú orin kan náà, ní ìṣẹ́jú kan náà.

OHUN TÍ ÈKÌTÌ MỌ̀

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ kan Èkìtì. Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, mì ilẹ̀ náà tìtì. A fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú bùdó. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Èkìtì tí a ti kó lẹ́rú lọ sí ibòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì ti di onígbàgbọ́ ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn tàbí Èkó. Àwọn ni ó kọ́kọ́ gbé orin ìjọ wọ ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, kí òyìnbó tó wá bá wọn níbẹ̀. Láti Oǹdó ni Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips ti ń ṣe àbójútó iṣẹ́ C.M.S. ní àgbègbè náà. Orin tí wọ́n gbé wá jẹ́ ti Yorùbá inú Bíbélì: ilé ni ó ń wí, kì í ṣe ulé tí ará Adó ń wí nílé rẹ̀. Akọrin Èkìtì ti ń kọrin ní èdè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀kọ́ fún un, ohùn tí ó fi ń kọ ọ́ sì tún ti òkè òkun wá.

Ní 1933, Henry Dallimore, tí ó jẹ́ Áṣídíákónì, dá ilé-ìwé tí ó di Christ's School sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì, ìlú Ẹwì. Láti irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́ ti ń jáde lọ sí àwọn ìletò, olùkọ́ ni ó sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀gá akọrin. Ọ̀sán ni yóò kọ́ ọmọdé ní ìṣirò, alẹ́ ni yóò kọ́ àwọn òbí wọn ní orin ìkórè. Ní 1930, ṣáájú èyí, ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Iléṣà ti tàn dé Èkìtì. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè di ibùdó iṣẹ́ rẹ̀, níbẹ̀ ni a sì sin ín sí ní 1959. Àwọn aládùúrà fẹ́ràn orin kúkúrú, àtẹ́wọ́ àti ìdáhùn agbo. Ẹni tí kò mọ̀wé lè gbè é láàárọ̀ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ti wà ní Èkìtì kí ilé-ìwé tó dé, kí aládùúrà tó dé. Láàrin àwọn Yorùbá Ọ̀yọ́, agbo a máa gbe orin ní ohùn kan náà, àfi pé ti àgbà wà ní ìsàlẹ̀, ti obìnrin àti ọmọdé sì wà lókè. Ní Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó, agbo a máa pín ohùn sí méjì: èkíní ń lọ, èkejì ń bá a lọ ní ìsàlẹ̀, àlàfo kékeré kan náà sì wà láàrin wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn onímọ̀ orin ti ṣàkíyèsí èyí. Akin Euba, tí a bí ní 1935, tí ó sì kú ní 2020, kọ̀wé ní 1967 lórí bí Yorùbá ṣe ń pín ohùn nínú orin agbo.

Bí a bá fi àṣà yìí ṣe òṣùwọ̀n fún ìdènà méjèèjì tí a ti sọ, èrè rẹ̀ yóò hàn. Níwọ̀n bí ohùn méjì náà ti ń gòkè pọ̀ tí wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ pọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe déédéé lẹ́nu ẹni ti òkè, yóò ṣe déédéé lẹ́nu ẹni ti ìsàlẹ̀. Ọkọ́ yóò jẹ́ ọkọ́ lẹ́nu gbogbo agbo. Ní ti ẹsẹ orin, àṣà lílé àti gbígbè ti yanjú rẹ̀ tipẹ́: ègbè kì í yí padà, nítorí náà ohùn rẹ̀ lè dúró gbọn-in, ẹni tí ń lé orin ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yí, òun nìkan ni yóò sì máa tún ohùn ṣe bí ọ̀rọ̀ bá ti wá. Ẹnìkan ṣoṣo lè ṣe èyí láìkọsẹ̀. Ogójì ènìyàn tí wọ́n di ìwé lọ́wọ́ kò lè ṣe é.

A lè ní bí ohùn méjì bá ń rìn pọ̀ bí ọmọ ìyá láti òwúrọ̀ dé alẹ́, yóò sú etí. Òótọ́ ni fún etí tí a fi orin Yúróòpù tọ́. Ṣùgbọ́n agbo Yorùbá kò gbé ẹwà orin rẹ̀ lé ohùn nìkan. Ìlù wà níbẹ̀, àtẹ́wọ́ wà níbẹ̀, ijó wà níbẹ̀, ọgbọ́n ẹni tí ń lé orin náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mú gbogbo èyí kúrò, tí ó wá sọ pé ohùn tí ó kù kò tó, òun ni ó kọ́kọ́ jẹ orin náà níyà.

LÁTI ORÍ ÀGA ÌJỌ DÉ ORÍ ÌTÀGÉ

Láàrin ọdún 1930 sí 1945, ìsìn orin di ọ̀nà pàtàkì tí àwọn ìjọ Èkó fi ń wá owó ìkọ́lé. Àwọn bíi E. A. Dáwódù àti G. T. Onímọlẹ̀ ń mú ìtàn inú Bíbélì, wọ́n ń fi orin ìbílẹ̀ ṣe é léré. Ibẹ̀ ni Hubert Ògúnńdé ti yọ. A bí i ní Òṣóṣà, ní ẹ̀bá Ìjẹ̀bú-Òde, ní 1916. Ó ti ṣe olùkọ́, ó sì ń ṣe ọlọ́pàá nígbà tí ìjọ aládùúrà tí ó wà ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, Church of the Lord, ní kí ó ṣe eré kan fún owó ilé ìsìn. Ní 12 June 1944, ní Gbọ̀ngàn Glover, ó ṣe eré lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run. Eré náà dùn mọ́ ìlú débi pé ní 1945 ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì sọ eré di iṣẹ́ tí ó fi ń jẹun.

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí ó gbà láti ìgbà náà lọ. Ẹni tí ń fi eré jẹun kò tún dúró de àṣẹ ìgbìmọ̀ ìjọ. Ní 1945 kan náà, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ńlá àwọn òṣìṣẹ́, ó gbé eré kan jáde lórí ìyanṣẹ́lódì àti ebi. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí Yorùbá Ronú. Bí ó bá jẹ́ pé abẹ́ ìjọ ni ó ti ń kọrin, kò dájú pé irú eré bẹ́ẹ̀ ì bá jáde. Òmìnira ni owó ọ̀yà fún un.

Èkìtì náà mú tirẹ̀ wá. Ọmọ Òkèmẹ̀sí ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí a bí ní 1925. Olùkọ́ ni, láti inú orin àti eré ilé-ìwé àti ti ìjọ ni ó sì ti dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ kí ọdún 1950 tó pé. Ìwà ẹ̀dá ni ó máa ń fi ṣe eré jù ọ̀rọ̀ òṣèlú lọ. Ní 1963, ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sọ ìtàn ọ̀mùtí inú ìwé Amos Tutùọlá di eré tí ó gbajúmọ̀ káàkiri. Ó kú ní 1973.

Ní Òṣogbo, Dúró Ládiípọ̀, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, kọ orin Àjíǹde kan fún ìjọ All Saints ní 1961. Nítorí pé ó lo ìlù Yorùbá nínú rẹ̀, ìjà dé. Àwọn kan nínú ìjọ kò lè gbà kí ìlù tí a ń lù fún òrìṣà wọ ilé Ọlọ́run. Ládiípọ̀ gbé orin rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ní 1962 a ṣí Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo. Ní 1963 ó ṣe Ọba Kò So. Ní 1964 ó gbé e dé Berlin, ní Jámánì. Bí a bá wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ìjọ ni ó pàdánù. Ìlù tí wọ́n lé jáde ni Yúróòpù dìde dúró láti gbọ́, ọmọ tí ì bá fi í kọ́ ilé fún wọn ni ó sì bá a lọ.

ÈRÈ ÀTI ÀDÁNÙ

Nígbà tí a bá ṣe ìṣirò, a kò lè dá Ògúnńdé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́bi pé wọ́n fi orin ṣe iṣẹ́. Ilẹ̀ Yorùbá ì bá jẹ́ aláìní lónìí bí kò bá sí wọn. Ṣùgbọ́n kò tọ́ láti rò pé ẹgbẹ́ akọrin tí kò gba owó ọ̀yà jẹ́ ọmọdé tí kò dàgbà, tí ì bá di iṣẹ́ bí ó bá ní ọgbọ́n. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Òṣèré tí ń jẹun nídìí eré gbọ́dọ̀ lọ sí ibi tí èrò wà. Bí ìlú kékeré kò bá lè san owó, yóò kọjá lọ. Akọrin ìletò kò ní ibi tí yóò kọjá lọ. Àwọn tí ń gbọ́ ọ ni ìbátan, alábàágbé àti oníbàárà rẹ̀. Ilé-ìwé tí ó fi orin wá owó fún ni ọmọ rẹ̀ yóò kàwé nínú rẹ̀. Bí a bá rí òrùlé páànù lórí ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú tí kò ní olówó kan ṣoṣo, kí a má ṣe wá ohùn ẹni tí ó kàn án jìnnà.

Adó-Èkìtì di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní 1 October 1996. Yunifásítì wà níbẹ̀, ilé-ìwé kún ibẹ̀, ìjọ kò sì lóǹkà. Ẹgbẹ́ akọrin ṣì ń péjọ ní alẹ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ wọn, atẹ-dùùrù tí ń gba owó oṣù sì wà láàrin àwọn mìíràn nínú wọn. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wọn kì í ṣe bóyá kí wọ́n kọ orin Handel tàbí kí wọ́n má kọ ọ́. Ẹni tí ó ní ohùn méjì kò ṣe aláìní. Ìbéèrè náà ni pé, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ìlú ti ọwọ́ bọ àpò fún aláìní, ta ni yóò lé orin náà ní ohùn tí ìyá arúgbó tí ó wà lẹ́yìn pátápátá yóò gbọ́, tí yóò sì lè gbè?

Phillips fi ọdún méjìdínláàádọ́ta wá èsì ìbéèrè náà nídìí dùùrù Kàtídírà Èkó. Àwọn ìyá tí ń gbe orin lóhùn méjì ní Adó, ní Ìjerò, ní Òkèmẹ̀sí àti ní Ìkéré ti di apá kan nínú èsì náà mú láti ayébáyé, láìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wá a. Iṣẹ́ àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni láti jókòó ti irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n kọ bí agbo ti ń pín ohùn sínú ìwé, kí wọ́n sì fi kọ́ àwọn ọmọ tí yóò di ọ̀gá akọrin lọ́la. Ohun tí a fi ohùn jogún, bí a kò bá fi ohùn gbà á, igi àti òkúta kò ní bá wa pa á mọ́.